Òkú tó ń jẹ ọgbà nínú The Sims 3: Supernatural: má tíì yọ ọ́ o

Àbúrò, mo ka ohun tí o kọ. O ní ní gbogbo alẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú ni àwọn òkú ń hú jáde látinú ilẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ohun tí Sim rẹ, ìyẹn èèyàn inú géèmù rẹ, gbìn, o wá ń béèrè bóyá kí o yọ Supernatural, àfikún géèmù The Sims 3 tó kó wọn wá, kúrò lórí kọ̀ǹpútà pátápátá. Má dán an wò. Ìwin méjì tí o ní nínú ilé yẹn, inú Supernatural ni wọ́n ti wá. Tí o bá yọ ọ́, kí lo fẹ́ kí wọ́n dà?

Lọ sí Options, wàá rí ibi tí ètò òṣùpá wà. O lè dín iye ọjọ́ tó fi ń yípo kù, o lè fi kún un, o sì lè dá a dúró sójú kan. Dá a dúró síbi tí kò ti ní kún láéláé. Ó parí. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ bá jẹ́ irú àwọn tó máa ń di ìkookò, òṣùpá yẹn ló ń ru wọ́n sókè o, ayé wọn á kàn tutù ni.

Kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan ṣá, mo bẹ̀ ọ́, ṣe ẹ̀dà fódà Saves rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú mi rí.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni Supernatural jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kó lọ sí Moonlight Falls, ìlú tó bá a wá, pẹ̀lú ìwin kan ṣoṣo. Ìwin yẹn bímọ, ọmọ fẹ́ àjẹ́, títí ó fi di ìran kẹrin. (Lọ́jọ́ kan mo pariwo ní yàrá pé “Àjẹ́ mi ti bímọ o!” Màmá mi tó wà ní kíṣínì ò tíì dárí jì mí fún un títí di òní. Wọ́n ti fẹ́ pe pásítọ̀.)

Ìgbà tí ìdílé yẹn wá dùn tán ni wàhálà dé. Mo tẹ Save, ó ń yí, ó ń yí, ó kọ Error 12. Mo tún un tẹ̀, Error 12. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún un ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní onímọ̀. Ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ló kéré. Ó ta RAM fún mi, 4GB di 8GB. Mo délé, Error 12. Mo padà lọ, ó wá ní fáírọ́ọ̀sì ni, kí n fi sílẹ̀ di ọ̀la. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa tọ́jú àwọn fáìlì mi?” Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Àwọn fáìlì tó tọ́jú, fọ́tò àti orin ni. Ìran mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí géèmù ni. Ó gbowó o.

Ohun tí ọ̀gá yẹn ò mọ̀, tó yẹ kó mọ̀, ni pé 32-bit ni The Sims 3 lórí Windows. Bí o bá fẹ́ kó RAM 64GB sínú kọ̀ǹpútà, géèmù yẹn ò lè lò kọjá 4GB. Bí o ṣe ń fi àfikún kún un, tí ìlú ń dàgbà, tí ẹrù ń pọ̀ nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ló ń kún. Tó bá fẹ́ tọ́jú nǹkan tí kò sáyè mọ́, ó di Error 12. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó máa tẹ Save, máa lo Save As pẹ̀lú orúkọ tuntun, tí o bá sì ti ṣeré fún wákàtí mélòó kan, pa géèmù náà dé, kí o tún un ṣí. Àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí Cache.package náà, máa pa wọ́n rẹ́ nígbà tí géèmù ò bá ṣí, á tún òmíràn ṣe fúnra rẹ̀. Èyí tí o bá rí .backup lẹ́yìn orúkọ ìdílé rẹ nínú Saves, má pa ìyẹn rẹ́ o! Tí ojúlówó bá bàjẹ́, yọ .backup yẹn kúrò lára orúkọ rẹ̀, òun lo máa ṣí.

Ẹ má sì máa gba mod, àwọn fáìlì táwọn òṣèré ṣe fúnra wọn láti fi yí géèmù padà, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀.

Ẹnì kan pe àwọn òkú tó ń jẹ ọgbà yìí ní akúdàáyà. Kì í ṣe akúdàáyà. Akúdàáyà a máa ṣòwò, a máa fẹ́ ìyàwó, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Èyí kàn ń wọ́sẹ̀ nílẹ̀ kiri ni. Tí o bá fẹ́ kí wọ́n ṣì máa jáde nítorí eré, tí o sì ní Limited Edition Supernatural, Peashooter, ewéko kan tó bá a wá, ń ṣọ́ ọgbà. Èmi ò ní in, ọgbà tí kò ní ilẹ̀kùn ni mo fi yí oko mi ká, Sim mi a gbé ibẹ̀ sùn nígbà míì tí mo bá gbàgbé.

Inú Documents, Electronic Arts, The Sims 3 ni Saves wà. Ẹ̀dà kan sórí flash, ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Tèmi wà lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin. Kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ó kàn mọ̀ pé tó bá pa á rẹ́, èmi àti òun nìyẹn.