Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ẹ̀jẹ̀ Èrìgì, Orín àti Akokoro

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Ìlọrin, Ọ̀ffà àti ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọ̀rọ̀ ẹnu ló gba iwájú nínú wọn. Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù, nítorí náà a ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá ti ń fọ eyín láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń tu. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pa búrọ́ọ̀ṣì tì fún ọ̀sẹ̀ kan kí èrìgì lè sinmi, pé fítámì C ló dín lára mi. Ẹni ọdún 42 ni mí.
Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba, Ìlọrin

Ẹ má pa á tì o, Ìyá wa. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ gan-an ni kò rí fífọ̀ tó. Ohun funfun rírọ̀ kan máa ń lẹ̀ mọ́ etí èrìgì. Bí ẹ bá fi èékánná ha ìdí eyín kí ẹ tó fọnu láàárọ̀, ẹ ó rí i. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló kún inú rẹ̀. Tí a bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, èrìgì á wú, ara á máa da ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀, ohun kékeré tó bá sì fara kàn án, ó di kí ó ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó wá tìtorí ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ fífọ̀ dúró, ìdọ̀tí yẹn ló ń bá sin. Ní ti fítámì C, ẹni tó ń jẹ ata, ọsàn àti ẹ̀fọ́ déédéé, ó ṣòro kó jẹ́ òun ló fà á.

Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ rà. Èyí tó le koránkorán, tí àwọn ènìyàn gbà pé òun ló ń fọ eyín mọ́, èrìgì ló ń bó. Ẹ dà á dẹ̀gbẹ́, kí irun rẹ̀ wà níbi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, ìdajì lórí eyín, ìdajì lórí èrìgì. Ẹ máa mì ín díẹ̀díẹ̀ lójú kan náà, bí ìgbà 10, kí ẹ tó sún sórí eyín méjì tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe iwájú, ẹ ṣe ẹ̀yìn tó kọjú sí ahọ́n, ẹ wá ṣe orí tí a fi ń rún oúnjẹ. Ìṣẹ́jú 2 ni, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ gbé aago síwájú lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnu á yà yín bí ìṣẹ́jú 2 ṣe gùn tó. Tí ẹ bá ní láti sáré, ti àárọ̀ ni kí ẹ sáré ṣe. Ti alẹ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀, torí itọ́ tó ń ṣan ẹnu máa ń dín kù tí a bá sùn. Oṣù mẹ́ta ni ọjọ́ orí búrọ́ọ̀ṣì kan. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tí a máa ń fà yọ láti ta eyín lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹran, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ilẹ̀ gbígbá.

Ẹ̀jẹ̀ á ṣì yọ lọ́jọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 ó yẹ kó ti dín kù gan-an. Bí kò bá dín, ẹ mú dígí àti tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ súnmọ́ ojú ihò tí itọ́ ti ń sun, èròjà inú itọ́ ló sì ń sọ ìdọ̀tí rírọ̀ di líle. Ohun tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó le bí òkúta, tí èékánná kò lè ṣí, búrọ́ọ̀ṣì kò ká a mọ́. Ìyọ̀ àti èédú tí àwọn kan fi ń gbo eyín kò ká a mọ́ náà, ara eyín ni wọ́n ń ha. Dókítà eyín ló ní irin àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha á. Ẹ̀ka eyín wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Oyì. Wọ́n á ti sọ fún yín pé híha yẹn ló ń tú eyín, pé àlàfo ló máa ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Àlàfo ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òkúta yẹn ló dí i. Èrìgì tó ti wú tẹ́lẹ̀ ló sì fà sẹ́yìn nígbà tó san.

Kí a tó kúrò níbẹ̀: èrìgì tó dúdú kì í ṣe àrùn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Wíwú, dídán, rírọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ní ọjọ́ orí yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò pẹ̀lú. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ́ kí àrùn èrìgì le, àrùn èrìgì náà kì í sì jẹ́ kí ṣúgà rọlẹ̀. Aláboyún tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kó má fòyà, kó ṣáà máa fọ̀ ọ́. Ó lè lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín pẹ̀lú oyún nínú.

Àsàláàmù aláékùm. Orín ata ni bàbá mi lò títí ó fi dàgbà, eyín rẹ̀ pé. Kí ni mo tún ń ra ọṣẹ ìfọyín fún? Bí Rámádáànì bá sì dé, báwo ni ká ti ṣe é?
Alhaji, Adéwọlé, Ìlọrin

Wa aléékùmú sàláàmù. Orín dára. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá fọwọ́ sí i níbi tó ti jẹ́ àṣà. Orín ata, orín àyìn, pákò Ìjẹ̀bú àti siwáàkì, bí a ṣe ń lò ó ló yàtọ̀ láàárín ẹni tí eyín rẹ̀ pé àti ẹni tí tirẹ̀ kò pé. Èyí tó nípọn bí ìka ọmọńdinrín ni kí ẹ mú. Ẹ rún orí rẹ̀ títí yóò fi tú bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Láti ìdí eyín ni kí ẹ ti máa fà á wá sí orí rẹ̀. Ẹ má máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ bíi ayùn, ìyẹn ló ń gé èrìgì tó sì ń gbẹ́ ìdí eyín. Lójoojúmọ́, ẹ gé ibi tí ẹ lò kúrò kí ẹ rún òmíràn. Ibi tí orín kì í sábà dé ni ẹ̀yìn eyín àti ti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú orín lẹ́nu kì í sì í rántí ibẹ̀ rárá.

Ohun tí orín kò ní ni fluoride, èyí tó ń mú kí ara eyín le. Bàbá yín kò mu míńírà láti kékeré bí àwọn ọmọ wa ṣe ń mu ún. Torí náà, ẹ lo orín láàárọ̀, kí ẹ lo ọṣẹ ìfọyín lálẹ́. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ fún 1,000 sí 1,500 ppm fluoride. Tí ẹ bá fọ̀ tán, ẹ tu ọṣẹ dànù, ẹ má fi omi yọnu, kí èyí tó kù lè ṣiṣẹ́.

Ní Rámádáànì, ẹ fi ọṣẹ fọ eyín lẹ́yìn sààrì kí wọ́n tó pèrun, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn àṣámù nígbà tí ẹ kò bá ní jẹ nǹkan mọ́. Òórùn ẹnu ọ̀sán àáwẹ̀, gbígbẹ ẹnu ló ń fà á. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha ahọ́n ní sààrì. Ti siwáàkì lọ́sàn-án, ẹ bi àáfà yín.

Ọmọ mi pé ọdún 7, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti lu. Ṣé kì í ṣe eyín tó máa ká ni? Mo fẹ́ fi sílẹ̀.
Ìyá Ròfíà, Ọ̀ffà

Ẹ kà á ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín iwájú, kí ẹ máa lọ sẹ́yìn. Eyín 1 sí 5 ni àyè eyín ọmọdé. Bó bá jẹ́ ìkẹfà ló lu, eyín àgbà ni, òun ló máa lò títí ayé. Nǹkan bí ọdún 6 ló máa ń hù, kò sì ní eyín kankan tó ká kó tó yọ, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí kì í fi í mọ̀. Bó bá jẹ́ ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó ṣì tó ọdún 10 sí 12 kó tó ká. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún pọ̀ jù láti fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ihò nínú eyín. Ọ̀nà méjèèjì, ẹ gbé e lọ kí wọ́n dí i.

Ní ti ṣúgà, iye ìgbà tí ó ń wọ ẹnu ló burú ju iye rẹ̀ lọ. Ọmọ tó jẹ súwíìtì mẹ́ta pọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, eyín rẹ̀ sàn ju ti ẹni tó ń lá ẹyọ kan ní wákàtí wákàtí. Ọṣẹ tó bí horo ẹ̀wà kan ló tó ọmọ ọdún 3 sí 6, bí horo ìrẹsì fún èyí tí kò tíì pé ọdún 3. Kí àgbà sì máa bá a fọ̀ ọ́ títí yóò fi tó ọdún 7 tàbí 8.

Akokoro mú mi lóru. Ẹlẹgbẹ́ mi kan fi òwú bọ omi bátìrì fún mi, ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti bó. Ṣé kí n lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ kòkòrò eyín?
Wẹ́dà, Gárèèjì Ọ̀ffà, Ìlọrin

Ásíìdì ni omi bátìrì. Ó lè jẹ́ iṣan inú eyín ló jó, ó dákẹ́ torí pé ó ti kú, àrùn ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì ìyọ̀ sínú kọ́ọ̀pù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ẹ máa fi yọnu, kí ẹ lọ rí dókítà eyín. Kòkòrò tó ń rìn kò sí nínú eyín. Èyí tí wọ́n ń fi hàn ènìyàn lórí òwú, ẹnu yín kọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ ṣúgà di ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń gbẹ́ eyín.

Bó bá tún ro yín kí ẹ tó débẹ̀, parasítámọ̀ 500 mg, hóró 2 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ gbé e mì. Bí ẹ bá fi sí ẹ̀gbẹ́ eyín, èrìgì ló máa bó. Ẹ má máa ra Ampiclox, oògùn apakòkòrò, ní kẹ́mísì fún un: kò lè dí ihò. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ibà dé, tí gbígbé nǹkan mì tàbí lílanu bá ṣòro, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ lè dí ọ̀nà èémí.

Bọ́ọ̀lù bá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa kan lẹ́nu, eyín iwájú rẹ̀ já pẹ̀lú gbòǹgbò. Kí ló yẹ ká ti ṣe?
Olùkọ́, Òmù-Àrán

Bó bá jẹ́ eyín àgbà: ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Bí iyanrìn bá wà lára rẹ̀, ẹ da omi mímọ́ tútù sí i lórí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ má gbo ó, ẹ má sì fi ọṣẹ kàn án. Ẹ dá a padà sójú ihò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ọmọ rọra gé áńkáṣífù mọ́ ọn. Bí kò bá ṣeé dá padà, ẹ fi í sínú mílíìkì tí kò ní ṣúgà; bí kò bá sí, kí ọmọ tutọ́ sínú ife, kí ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ má fi bébà wé e kó má baà gbẹ. Àárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló dára jù láti dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, kó má sì ju wákàtí kan lọ bó bá ṣeé ṣe. Eyín ọmọdé ni kí ẹ má dá padà, ó lè ba èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ jẹ́.