Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta ni Àrólé Tí Wọ́n Pa ní Sarajevo?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Bàbá wa àgbà máa ń sọ pé nígbà ogun Jámánì, wọ́n kó àwọn ọkùnrin ní abúlé wa nítòsí Kétu lọ sójú ogun, àwọn mìíràn sì sá kọjá ààlà lọ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mi tó wà ní lísè wá sọ fún mi pé ikú àrẹ̀mọ ọba Ọ́stríà kan ló fa ogun náà. Ta ni àrẹ̀mọ yìí? Kí ni wọ́n torí rẹ̀ pa á? Ṣé ọmọ rẹ̀ ni oyè náà wá kàn? — Òǹkàwé yín ní Kétu.

ÌDÁHÙN: Franz Ferdinand ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àrẹ̀mọ. Rudolf ni àrẹ̀mọ Franz Joseph, ọba ńlá tí ó ti wà lórí oyè Ọ́stríà láti ọdún 1848, òun nìkan sì ni ọmọkùnrin tí ọba náà bí. Rudolf pa ara rẹ̀ ní Mayerling ní oṣù Kìíní ọdún 1889. Oyè wá kan Karl Ludwig, àbúrò ọba, nígbà tí òun náà sì kú ní ọdún 1896, ó kan Franz Ferdinand ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní ọdún 1863. Ikú àwọn ẹlòmíràn ló sọ ọ́ di àrólé.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín tó kẹ́yìn wà. Sophie Chotek ni ọkàn rẹ̀ yàn, ọmọ ìdílé ìjòyè àtijọ́ kan ní Bohemia, ilẹ̀ kan lábẹ́ Ọ́stríà. Òfin ìdílé Habsburg, ìdílé ọba Ọ́stríà, sì ni pé ọmọ ìdílé ọba nìkan ni àrólé lè fi ṣe aya tí yóò di ayaba. Ọmọ ìjòyè kò tó. Ẹ̀yin ará Kétu, tí ìdílé ọba márùn-ún ń jẹ oyè Alákétu ní ìtẹ̀léra láàárín yín, mọ̀ pé ìdílé bàbá ni à ń wò kí a tó pe ènìyàn ní ọmọ ọba. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ń wo ìdílé ìyá pẹ̀lú. Ọba kọ̀, Franz Ferdinand náà sì kọ̀ láti fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ọba gbà níkẹyìn, ó mú un búra ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1900, níwájú ẹbí àti àwọn ìjòyè, pé Sophie kò ní di ayaba láéláé, àti pé oyè kò ní kan ọmọ kankan tí ó bá bí fún un. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìbúra náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọba kò yọjú, àwọn àbúrò ọkọ ìyàwó lọ́kùnrin kò yọjú. Láti ìgbà náà, bí àsè bá wà ní ààfin, Sophie kò lè bá ọkọ rẹ̀ wọlé. Ẹ̀yìn gbogbo obìnrin ìdílé ọba ni ó máa ń wà. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo kà á.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tí ń bẹ àwọn ọmọ ogun wò ni Franz Ferdinand fi lọ sí Sarajevo, olú ìlú Bosnia, kì í ṣe fún àyẹyẹ ààfin, nítorí náà Sophie lè jókòó tì í nínú mọ́tò. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1914 ni, ọdún 14 géérégé sí ọjọ́ ìbúra náà. Ọ́stríà ti sọ Bosnia di tirẹ̀ ní ọdún 1908, inú sì ń bí àwọn ọ̀dọ́ Serbu ibẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti gba ìbọn àti bọ́ǹbù ní Belgrade, olú ìlú Serbia. Ọ̀kan ju bọ́ǹbù ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mọ́tò tó wà lẹ́yìn ló bà. Lẹ́yìn tí àrólé kúrò ní gbọ̀ngàn ìlú, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn tó fara pa ní ilé ìwòsàn. Awakọ̀ ṣi ọ̀nà yà, ó sì dúró láti padà, ibi tí ó dúró sí gan-an ni Gavrilo Princip, ọmọ ọdún 19, wà. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì, tọkọtaya náà sì kú. Ẹni tó wà nínú mọ́tò pẹ̀lú wọn sọ pé àrólé bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí ó má kú, kí ó wà láàyè nítorí àwọn ọmọ wọn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ọ́stríà gbógun ti Serbia. Rọ́ṣíà gbè sẹ́yìn Serbia, Jámánì gbè sẹ́yìn Ọ́stríà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì wọ̀ ọ́. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, àwọn ọmọ ogun Faransé láti Dahomey níhìn-ín ti wọ Togo tí ó wà lọ́wọ́ Jámánì. Òtítọ́ ni bàbá yín àgbà sọ nípa kíkó tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa àti sísá tí wọ́n sá.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀: Sophie ọmọ ọdún 12, Maximilian ọmọ ọdún 11, àti Ernst ọmọ ọdún 10. Oyè kò kan ìkankan nínú wọn. Karl, ọmọ àbúrò bàbá wọn, ló jọba ní ọdún 1916, òun ló sì jẹ gbẹ̀yìn. Nígbà ìsìnkú, wọ́n gbé pósí Sophie sí ibi tó rẹlẹ̀ ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Kò sí àyè fún un ní ibojì ìdílé Habsburg ní Vienna. Franz Ferdinand ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó sì ti kọ́ ibojì sí Artstetten, níbi tí wọ́n sin àwọn méjèèjì sí, wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.