Ìpàdé orí fídíò láàárín Abuja, Kano àti Jos: ohun tó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì. Ẹ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ní ẹ̀ka ní Kubwa, ní Sabon Gari Kano àti ní Jos. Ẹ ní ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wá bá yín, wọ́n fẹ́ ta íntánẹ́ẹ̀tì àti ìpàdé orí fídíò pa pọ̀ fún yín lówó oṣooṣù, wọ́n sì ní 100 Mbps ni ìyára rẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gbà á, àbí kí kálukú máa ra dátà sórí fóònù rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é bọ̀.

Èmi ni mò ń bójú tó irú iṣẹ́ yìí fún ilé iṣẹ́ kan níbí láti ìgbà kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ní Abuja ní 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, mo sì ti jẹyà lórí ẹ̀ gan-an. Ẹ lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí 100 Mbps gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní 2021. Àwọn oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún wa, ó ku ìpàdé kan ṣoṣo ká tọwọ́ bọ̀wé. Ọ̀gá wa wà ní Garki, ẹnjiníà wa wà ní Kano. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo ṣe speed test, ìyẹn ìdánwò ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbé 48 Mbps wá, ọkàn mi balẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí ojú ọ̀gá gan sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹnu lílà, tí ohùn rẹ̀ sì ń já wẹ́wẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Mo sáré tún speed test ṣe, 40 ló gbé wá. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. A jáde, a tún wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn ará ibẹ̀ ní àwọn á kọ̀wé sí wa. Iṣẹ́ yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ni a ò lè gbà síṣẹ́ lọ́dún náà nítorí ẹ̀, mo sì mọ méjì nínú wọn lójú.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ọ́fíìsì lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ. Mo ṣí ojú dúdú kọ̀ǹpútà, mo tẹ ping 8.8.8.8 -t, àṣẹ tó ń kan kọ̀ǹpútà Google léraléra tó sì ń sọ iye mílísẹ́kọ́ńdì (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) tí èsì fi dé, mo kàn ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń jáde. 33, 35, 34, 33. Ó dáa. Lójijì ó di 640, ó di 1180, ó ní Request timed out lẹ́ẹ̀mejì, ó tún padà sí 35. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà lẹ́yìn ráótà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo yọ ti ẹ̀rọ CCTV, nọ́ńbà tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Kámẹ́rà mẹ́jọ tó ń ṣọ́ ọgbà ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìgbà dé ìgbà, 48 tí mo sì ń yọ̀ sí, ti download ni, ohun tó ń wọlé. Upload wa, ohun tó ń jáde, ò ju 3 lọ. Bí kámẹ́rà bá ti gba 3 yẹn, ohùn ọ̀gá á tò sẹ́yìn wọn nínú ráótà, á máa dúró de ìgbà tó máa kàn án.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà, Ẹ̀gbọ́n. Fíìmù tí èèyàn ń wò lórí YouTube lè kó ìṣẹ́jú kan pa mọ́ sílẹ̀ kó tó nílò rẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì sé díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ kò ṣeé kó pa mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé fi ń dàrú lórí ìlà tí fíìmù ń lọ geere lórí ẹ̀. Ìpàdé ò jẹ dátà tó bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani: Zoom fúnra wọn ní fídíò láàárín ẹni méjì nílò nǹkan bí 600 kbps (1,000 kbps ló wà nínú Mbps kan) ní lílọ àti ní bíbọ̀, ohùn nìkan ò sì ju 60 sí 80 kbps lọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìdádúró, àti kí ìdádúró náà má dọ́gba, àti kí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ sọnù lọ́nà. Àjọ ITU tó ń ṣe ìlànà tẹlifóònù fún gbogbo ayé ti sọ ọ́ tipẹ́ pé tí ọ̀rọ̀ bá gbà tó 150 mílísẹ́kọ́ńdì kó tó débi tó ń lọ, kò sí wàhálà, tó bá ju 400 lọ, kò bójú mu mọ́.

Àwa Yorùbá sì mọ ohun tí ìdádúró ń fà ju àwọn míì lọ. A ní ẹ̀ka kan tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì VSAT àtijọ́, èyí tí sátẹ́láìtì rẹ̀ dúró sókè ní 35,786 kìlómítà. Ọ̀rọ̀ á gùn lọ sókè, á tún sọ̀kalẹ̀, nǹkan bí 240 mílísẹ́kọ́ńdì á ti lọ, èsì á tún gba iye kan náà padà. Ọmọ iṣẹ́ á rò pé Bàbá ti parí ọ̀rọ̀, á ní "Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n," kí ó tó parí ẹ̀ ohùn Bàbá á tún dé látòkè, á wá dà bíi pé ọmọdé ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ìjà gidi ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wa méjì lórí èyí, kò sì sí ẹni tó ṣàìdáa nínú wọn. Nínú ẹgbẹ́ tí àwọn àgbà pọ̀ sí bíi tiyín, ẹ má fi ojú kékeré wo nọ́ńbà yẹn.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà fún yín ni pé: séfà ìpàdé yín, kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn tó sì ń pín in, wà níbo? Tí ará Kano bá ń bá ará Jos sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í gba orí ilẹ̀ tààrà láti Kano lọ sí Jos. Ó ń lọ síbi tí séfà wà kó tó ṣẹ́rí padà. Tó bá jẹ́ Yúróòpù ni, á gba orí ilẹ̀ lọ sí Èkó níbi tí àwọn okùn abẹ́ òkun ti gúnlẹ̀, á wọ òkun, á dé ọ̀hún, á tún gba gbogbo ọ̀nà yẹn bọ̀. Okùn MainOne nìkan gùn tó 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Pọ́túgà. Ìmọ́lẹ̀ ń lo bíi mílísẹ́kọ́ńdì 35 lórí ẹ̀ ní lílọ nìkan. Ìyẹn ṣeé fara dà lọ́jọ́ tí ara òkun bá yá. Ní 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, mo sì jókòó sí Wuse tí mi ò lè bá ẹni tó wà ní Kaduna ṣèpàdé. Kaduna o, tí mọ́tò ń dé! Tí ilé iṣẹ́ yẹn bá ní séfà ní Èkó tàbí Abuja, tí wọ́n sì so mọ́ IXPN, ibi tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pàdé láàárín Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yín ò ní jáde kúrò nílùú, ì báà jẹ́ pé síìmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń lò. Fún èyí nìkan, mo lè san owó lé e.

Ìkejì: ṣé fídíò yín ní ọ̀nà tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, àbí ó máa tò sẹ́yìn gbogbo ayé? Ẹ mọ bí kóńfọ́ì ṣe ń kọjá nílùú yìí tí gbogbo ọkọ̀ á yà fún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni VoLTE, ìyẹn ìpè fóònù tí kì í ṣe ti app, ṣe ń kọjá lórí 4G. Wọ́n ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un, àwọn ẹnjiníà ń pè é ní QCI 1. Wọ́n ní ọ̀nà fún fídíò náà, QCI 2. Ṣùgbọ́n Zoom tàbí WhatsApp tí ẹ fi dátà lásán ṣe sábà máa ń wà ní QCI 9 pẹ̀lú ẹni tó ń wa fíìmù sílẹ̀, nínú gò-sílóò Nyanya laago méje àárọ̀. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló lè yí ìyẹn padà. Bí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín bá ń gba ọ̀nà tirẹ̀, ohun tí kò sí nínú dátà lásán ni ẹ ń rà. Bí kò bá gbà á, app lásán ni wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí lára. Ẹni tó ń tajà lè má mọ èsì ìbéèrè yìí, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ ní kó mú ẹnjiníà wọn wá.

Ẹ má gbára lé ọ̀nà kan ṣoṣo. Mo kọ́ èyí lọ́nà tó dùn mí dọ́kàn. Lẹ́yìn ìtìjú 2021, a ra fíbà, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú okùn abẹ́lẹ̀, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, owó rẹ̀ wúwo, mo sì sọ fún ọ̀gá pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á dìde. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Kaduna fi katapílà já okùn, àwọn méjèèjì sì kú ní ìṣẹ́jú kan náà. Inú ihò kan náà ni àwọn méjèèjì ti ya àyè, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi nítorí mi ò béèrè. Ní báyìí mo máa ń ní kí wọ́n ya ojú ọ̀nà fíbà wọn sórí ìwé kí n tó san kọ́bọ̀. Ọ̀nà kejì wa ti di ti ojú ọ̀run: ráótà 4G ní Kubwa, Starlink ní ẹ̀ka tó jìnnà sí ìlú. Starlink ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní 2023, sátẹ́láìtì wọn ò sì ga tó 600 kìlómítà, kò jọ ti VSAT rárá. Tó bá jẹ́ 5G ni ẹ fẹ́ lò, ojú fèrèsé ni kí ẹ gbé ráótà sí. Ìgbì 3500 MHz rẹ̀ kì í ráyè wọ inú ògiri búlọ́ọ̀kù dáadáa.

Iná náà ńkọ́? Ó yà mí lẹ́nu iye ọ́fíìsì tí láptọ́ọ̀pù wà lórí inverter tí àpótí kékeré fíbà ara ògiri ò sí níbẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ọn.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ má gbà kí wọ́n kọ Mbps nìkan. Kí wọ́n kọ upload sí i, kó sì dọ́gba pẹ̀lú download bó bá ṣeé ṣe. Kí wọ́n kọ pé láti ẹ̀ka kan dé èkejì, ìdádúró ò ní ju 150 mílísẹ́kọ́ńdì lọ, àìdọ́gba rẹ̀ ò ní ju 30 mílísẹ́kọ́ńdì lọ, ohun tó ń sọnù ò ní tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n á dá padà fún yín lọ́jọ́ tí ó bá kùnà. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó kan ìrọ̀lẹ́, torí aago mẹ́jọ alẹ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fi ìwà rẹ̀ hàn. Tí ẹ bá ní ẹni tó ń ṣọ́ firewall, ògiri ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún yín, kó ṣí àwọn ẹnu ọ̀nà UDP 8801 dé 8810 fún Zoom, tàbí 3478 dé 3481 fún Teams. Oṣù méjì gbáko ni tiwa fi wà ní títì, tí fídíò ń yí gba TCP, ọ̀nà míì tó máa ń fa ìdádúró, tí a sì ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán.

Ní ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń lo fóònù láti ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa kámẹ́rà, kí alága àti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan tan tiwọn. Wákàtí kan fídíò tí mo sọ lókè yẹn ń jẹ nǹkan bí 540 MB ní lílọ àti bíbọ̀, láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sì ti fọwọ́ sí àfikún owó tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kìíní 2025, ìyá tó ń ta ata ní Sabon Gari ò ní lè máa ra ìyẹn lóṣooṣù nítorí ìpàdé. Ohùn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ nílò. Ẹ jẹ́ kó dé.

Kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ ní kí ẹnì kan ní Kano àti ẹnì kan ní Jos ṣe ping yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún láago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́jọ alẹ́, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń lò báyìí. Kí wọ́n ya àwòrán ojú ẹ̀rọ náà, ẹ gbé e síbí. Mo wà nílé ní Sátidé, màá bá yín wò ó.