Ìbéèrè Yín Lórí Ìlera: Polyp Tí Wọ́n Gé Nínú Ìfun Ńlá

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Polyp mẹ́ta, ìyẹn ẹran kéékèèké tó hù, ni dókítà wa gé nínú ìfun ńlá bàbá kan, a sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò kan. Láàbù ní jẹjẹrẹ wà nínú ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ibi tó ti wá. Kí ni ká ṣe? — Nọ́ọ̀sì, Mọ́kọ́lá*

Ẹ mú àkọsílẹ̀ dókítà tó fi kámẹ́rà wo inú ìfun lọ bá láàbù kíákíá. Bí ìwọ̀n àti ìrísí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra, wọ́n ṣì lè fi dá a mọ̀. Bí wọn ò bá yàtọ̀, ojú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni dókítà máa padà wò.

Láti ìsinsìnyí lọ, ìgò kan fún ojú ibi kan. Ara ìgò ni kí ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́. Ìdérí máa ń pààrọ̀ mọ́ra wọn lórí tábìlì láàbù. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fáìlì, apá ibi tó wà nínú ìfun, àti iye sẹ̀ǹtímítà tó fi jìnnà sí ihò ìdí. Pẹ́ńsùlù ló dára jù, torí formalin, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, lè fọ yíǹkì nù.

Formalin gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Èyí tí wọ́n ń tà ní ògidì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dà á lú omi: mìlílítà 100 rẹ̀ sí mìlílítà omi 900, pẹ̀lú iyọ̀ phosphate tí kò ní jẹ́ kó kan. Bí ẹ bá lo ògidì, ẹ̀yìn ẹran á le kí inú rẹ̀ tó mu. Kí formalin tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, ó kéré tán, kí ẹran sì wọ inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi omi dírípù rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì gbé ẹran sórí gọ́ọ̀sì gbígbẹ.

Èyí tó pẹlẹbẹ máa ń ká bí ewé gbígbẹ. Ẹ fi pín-ìnnì tí kò dógùn-ún tẹ́ ẹ sórí kọ́ọ̀kì, kí ojú tó kọ sí inú ìfun wà lókè, kí ẹ tó rì í. Èyí tó ní igi, ẹ fi yíǹkì láàbù kan ojú ibi tí wọ́n ti gé e: igi yẹn máa ń sún kì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wò ó bóyá jẹjẹrẹ dé etí. Bó bá jẹ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n gé e, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàbù á máa wá etí tí kò sí.

*Wọ́n ní kí n gbé polyp ìyá mi lọ sí láàbù, mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́, wọ́n ti tì. Ṣé kí n gbé e sínú fíríìsà di ọjọ́ Ajé? — Ọmọ Òkè-Àdó*

Rárá o! Yìnyín á fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú formalin rẹ̀, ní ìdúró, nínú ọ̀rá méjì, ibi tí oòrùn àti ọwọ́ ọmọdé ò dé. Bí ẹ bá gbé e dé láàbù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò tíì pẹ́ jù. Ọ̀rá ọ̀tọ̀ ni kí fọ́ọ̀mù wà.

*Ṣé ìgò omi mímu ò lè ṣe é? — Bódìjà*

Ẹnu rẹ̀ tóóró. Ẹran rọ̀ nígbà tó ń wọlé, ó ti le nígbà tó máa jáde, wọ́n á sì fà á ya. Yàtọ̀ síyẹn, ẹnìkan lè mu ún.