Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ta ni kí àwa ọlọ́jà bá sọ̀rọ̀ kí òfin lè ràn wá lọ́wọ́ láti lo sólà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Agbẹjọ́rò. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa obìnrin tí a ń ta ẹja inú fírísà ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí ni jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ èrè wa mọ́ owó ọjà, èéfín rẹ̀ kò sì jẹ́ kí á mí dáadáa. A fẹ́ kí ìjọba ṣòfin tí yóò jẹ́ kí owó pánẹ́lì sólà wálẹ̀, kí á rí owó yá fi rà á, kí wọ́n sì gbà wá láyè láti tò ó sórí òrùlé ọjà. A kọ lẹ́tà sí ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin wa, oṣù mẹ́fà kọjá, a kò rí èsì. Ṣé ọ̀nà wà fún irú àwa báyìí láti dá sí ọ̀rọ̀ òfin, àbí iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ọ̀nà wà, kò sì pọn dandan kí ẹ jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Mo ti bá àwọn ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kọ àbá òfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo sì rí ni pé ẹ̀bẹ̀ tí ó sábà máa ń kú sórí tábìlì ni èyí tí ó kàn ní kí ìjọba ṣòfin lórí agbára tí kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́, nítorí pé irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ohun tí ó kù lè jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò sí nínú òfin, tàbí owó tí wọn kò fi sínú ètò ìṣúná, ó sì lè jẹ́ pé ilé tí ó ní agbára láti fi í síbẹ̀ kọ́ ni ẹ kọ̀wé sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ó ti wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin àpapọ̀ lórí ìyípadà ojú-ọjọ́. Òfin náà ní kí Nàìjíríà dé ibi tí èéfín amáyégbóná tí a ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju èyí tí a ń mú kúrò níbẹ̀ lọ, láàárín ọdún 2050 sí 2070. Níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú-ọjọ́ ní Glasgow, ní oṣù yẹn kan náà, Ààrẹ ti fi ọdún 2060 ṣe ìlérí níwájú àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Òfin náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀, ó sì pa á láṣẹ fún iléeṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 50 pé kí ó yan ẹnì kan tí yóò máa jábọ̀ lọ́dọọdún lórí bí wọ́n ṣe ń dín èéfín wọn kù. Kò di ẹrù kankan lé yín lórí, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ńlá tí ẹ ti ń ra páálí ẹja lè wà lára àwọn tí ó kàn.

Èyí tí ó sún mọ́ yín jù ni òfin iná mànàmáná. Tẹ́lẹ̀ rí, ìwé òfin ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ ṣòfin lórí iná ní ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá ti dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni àtúnṣe ìwé òfin gbé ìdènà náà kúrò, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹfà, Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu òfin iná mànàmáná tuntun. Láti ìgbà náà, Èkìtì, Oǹdó àti Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣàkóso iná mànàmáná, ti gbé àkóso ọjà iná lé lọ́wọ́. Òfin àpapọ̀ náà kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tí iná tí ó ń pèsè lójú kan kò bá ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ, gbogbo fírísà inú ẹgbẹ́ yín kò sì lè sún mọ́ iye yẹn. Síbẹ̀, nítorí pé Oǹdó ti gba àkóso tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ ni kí ẹ ti gba ìdánilójú kí ẹ tó kan ìṣó kan mọ́ òrùlé.

Wàyí o, ẹ padà sí ohun mẹ́ta tí ẹ kọ, nítorí pé ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí pánẹ́lì àti bátìrì ní ẹnubodè àti ní èbúté wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan; bí ilé aṣòfin Àkúrẹ́ bá tilẹ̀ fẹ́ dín in kù lónìí, kò lágbára rẹ̀. Owó yíyá láti inú àpò ìpínlẹ̀, àti ìlànà tí àwọn tí ń yáni lówó yóò tẹ̀ lé, jẹ́ ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀, níbi tí aṣòfin 26 ti ń jókòó. Òrùlé ọjà ńkọ́? Ìwé òfin Nàìjíríà fi àbójútó ọjà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn kánsẹ́lọ̀ yín sì lè ṣòfin lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í rántí àwọn kánsẹ́lọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni èmi yóò ti bẹ̀rẹ̀ bí mo bá wà ní ipò yín, nítorí pé ẹ mọ ilé wọn, wọ́n sì mọ ìsọ̀ yín. Ní ọjà Ìsinkàn ní Àkúrẹ́, àjọ REA tí ó ń rí sí iná ìgbèríko ti so àwọn ṣọ́ọ̀bù mọ́ sólà, nítorí náà ohun àjèjì kọ́ ni ẹ ń béèrè ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹ̀bẹ̀ ti Àbújá, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ óò fi rí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí ẹ jọ máa gbé e.

Ní ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, aṣòfin tàbí gómìnà ni ó lè gbé àbá òfin wọlé. Nígbà kíkà àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè. Nígbà kíkà kejì ni wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀, lẹ́yìn èyí ni ó ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré, tí ó sábà máa ń pe ará ìlú wá sọ èrò wọn ní gbangba. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà yín. Bí àbá náà bá ti kọjá kíkà kẹta, gómìnà ní 30 ọjọ́ láti buwọ́ lù ú. Bí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin, èyí tí í ṣe 18 ní Oǹdó, lè sọ ọ́ di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀.

Mo rántí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ka ìwé gígùn títí ojú fi ń kún alága ìgbìmọ̀ fún oorun. Obìnrin kan tí ó ń lọ ata ní ọjà dìde, ó sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ ọmọléèwé kan tí epo ti ta sí lẹ́yìn kalẹ̀. Ojú ewé apá òsì ni ó ń kọ líta epo tí ó rà sí, owó ọjọ́ náà wà ní apá ọ̀tún. Ó ka ọ̀sẹ̀ méjì péré. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ọlọ́lá, àbá yín ní kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó sólà mú ìwé ilẹ̀ wá; ilẹ̀ wo ni mo ní?" Alága ní kí ó tún un sọ, kí akọ̀wé lè kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àbá náà padà sí ilé, wọ́n ti fi kún un pé ẹgbẹ́ ọjà tí ó forúkọ sílẹ̀ lè dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láti ọ̀la. Kí ogún nínú yín máa kọ líta epo, owó tí wọ́n fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àti iye ẹja tí ó bàjẹ́ nígbà tí iná lọ, fún oṣù kan gbáko. Ẹ wá kọ ojú ewé méjì, kì í ṣe mẹ́wàá: ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ fi àròpọ̀ owó náà sí i, kí ẹ sì kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí ó wọ inú òfin bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó rí gan-an. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ilé àti alága ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí aṣòfin yín, kí ẹ sì gba ìbuwọ́lù lórí ẹ̀dà tiyín. Ó jọ pé ibi tí lẹ́tà yín àkọ́kọ́ ti sọnù nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún owó yíyá àwọn ọlọ́jà, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba dá yín lóhùn láàárín ọjọ́ méje.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn kan kún un lórí bátìrì tó bá ti kú, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára. Bátìrì tí a ń da omi sí ní òjé nínú. Tí àwọn tí ń yọ́ irin bá fọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, òjé yóò wọ iyẹ̀pẹ̀ tí ọmọ ń ṣeré nínú rẹ̀. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọdé tí ó tó 400. Kí òfin sọ pé ẹni tí ó tà á ni yóò gbà á padà. Kò yẹ kí á lé èéfín kúrò nínú ọjà, kí á wá gbé òjé wọ inú àdúgbò.

Tí wọ́n bá sì ti buwọ́ lu òfin, ẹ má tíì tú ká. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún ni gómìnà sábà máa ń gbé ètò ìṣúná wá síwájú ilé. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò lọ wo ojú ewé tí owó náà yẹ kí ó wà, kí wọ́n sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ yín dání, nítorí pé ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ ìṣúná wò náà ń gbọ́ tẹnu ará ìlú.