Èsì: Bí fáànù káàdì àwòrán yín ṣe lè dákẹ́

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní fáànù káàdì àwòrán yín (GPU, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán géèmù) ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ṣeré géèmù, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìyára káàdì náà ni kí ẹ dín kù. Ní tèmi, fóltéèjì (agbára tó ń ti iná wọ inú káàdì) ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí pé iná tí káàdì ń jẹ ń bá ìyára rìn ní ọgbọọgba, ṣùgbọ́n ó ń bá fóltéèjì tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ (fóltéèjì × fóltéèjì) lọ: bí ẹ bá mú fóltéèjì kúrò ní 1.05 V wá sí 0.90 V, tí ìyára kò yí padà, iná tí ó ń jẹ yóò fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù, ooru yóò sì dín kù pẹ̀lú, fáànù kò sì ní ní láti sá tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ ṣí MSI Afterburner, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún káàdì àwòrán tò, ẹ tẹ Ctrl àti F pọ̀ kí ìlà fóltéèjì òun ìyára lè yọ, ẹ gbé àmì tó wà lórí 900 mV (ìyẹn 0.90 V) dé ìyára tí káàdì yín ń sá tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ gbogbo èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ pẹrẹsẹ. Lórí káàdì RTX 3060 tèmi, ní Adátán níbí, ìyára 1800 MHz ni mo fi í sí. Ẹ má ṣe dán an wò ní òru nìkan o. Ọ̀sán Àbẹ́òkúta, nígbà tí àpáta bá ti gba oòrùn tán, ni yóò fi hàn bóyá ó dúró. Bí géèmù bá kú lójijì, ẹ fi 25 mV kún fóltéèjì náà.