Aládùúgbò mi ń kó ọmọbìnrin lọ Líbíà: ta ni kí n sọ fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Obìnrin kan nínú ọgbà wa ní Kubwa kó ọmọbìnrin mẹ́ta wá láti ilé. Ó gba fóònù wọn, kì í jẹ́ kí wọ́n yọjú síta. Níbi tí ọ̀kan ti ń pọn omi ló ti sọ fún ọmọ mi pé Kánò ni àwọn ń lọ, pé láti ibẹ̀ ni àwọn yóò ti gba Líbíà lọ Ítálì. Ọkọ mi ní kí n panu mọ́, torí ọmọ ìlú wa ni obìnrin náà, a sì jọ ń ṣe ẹgbẹ́. Bí mo bá sọ, ṣé orúkọ mi ò ní jáde? Ìyá Tóyìn.

Ìdáhùn: Ìyá Tóyìn, ẹ tẹ 627 lónìí. Ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà NAPTIP ni, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 torí àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò. Abuja níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ń kó ẹrù sínú mọ́tò, ẹ tún pe 112.

Kò di dandan kí ẹ dárúkọ. Bí ẹ bá sì dá a, ẹ sọ fún ẹni tó gbé fóònù pé ẹ kò fẹ́ kó hàn sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì ní kí ọ̀rọ̀ dá yín lójú tán kí ẹ tó sọ: iṣẹ́ tiwọn ni ìwádìí. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ aládùúgbò torí ìjà ló yẹ kó máa bẹ̀rù òfin, kì í ṣe ẹ̀yin.

Àpèjúwe ilé ló máa ń dà wọ́n láàmú jù. Kubwa wa yìí, ilé mélòó ló ní nọ́ńbà? Ẹ sọ Phase tí ó wà, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó súnmọ́ ọn, àwọ̀ géètì, yàrá ìsàlẹ̀ ni tàbí ti òkè. Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò tó ń wá síbẹ̀ kún un, àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà bí ojú yín ṣe fi wọ́n.

Ẹ má lọ bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp ọgbà. Òru ọjọ́ náà ni yóò kó wọn kúrò, àti Kánò tàbí Katsina dé ààlà orílẹ̀-èdè Niger kò jìnnà mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ìlú Agadez ní Niger náà ló kù, àti aṣálẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ náà fúnra wọn sẹ́, kí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ni, pé tinútinú làwọn fi ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn mú yín kábàámọ̀. Wọ́n ti lè mú wọn búra nílé òrìṣà kí wọ́n tó gbéra. Ìbúra yìí le débi pé ní 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Benin pàṣẹ pé òun tú gbogbo irú rẹ̀ ká. Lójú òfin 2015 tó de fífi ènìyàn ṣòwò, pé ẹni tí wọ́n tàn jẹ gbà láti lọ kò gba ẹni tó kó o lọ là. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tilẹ̀ yàtọ̀: wọn kì í bi í bóyá wọ́n tàn án.

Ọkọ yín ń ro ẹgbẹ́, mo mọ̀. Àmọ́ àwọn òbí ọmọ mẹ́ta yìí náà, ọmọ ìlú ni wọ́n. (Òfin kan náà kò fi ẹni tó fi ọmọ tí kò tó ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀ o. Ìyẹn kan púpọ̀ nínú wa ní Abuja.)

Bí ọ̀kan nínú wọn bá sá wá bá yín, ẹ gbà á, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì pe 627 lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi sí ìkọ̀kọ̀. Wọn kò ní fìyà jẹ ẹ́. Ẹ béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ tó bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ẹ pè, kó lè rọrùn bí ẹ bá ní láti tún pè lọ́la.